Yàrá Iwájú Nílé Màmá Ráfíátù

Inú bí mi sí màmá kan láàárọ̀ yìí, kó tó wá di pé ẹ̀rín pa mí.

Mo máa ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò lọ́fẹ̀ẹ́ ní Òkè-Ogbó, fún ìdánwò àtiwọ yunifásítì. Ráfíátù ni orí ẹ̀ pé jù nínú wọn. A ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni ìyá ìyá ẹ̀ já wọlé: "Ráfíátù, kó ìwé ẹ, ó yá!"

Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàánú ọmọ yìí. Ìdánwò ti kù sí dẹ̀dẹ̀!"

"Tíṣà, ẹ rọra. Yàrá iwájú ni mo fẹ́ kó kó ẹrù ẹ̀ sí."

Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì nìkan ni Màmá máa ń háyà yàrá yẹn fún. Pálọ̀ ni Ráfíátù ń sùn sí látìgbà tó ti wà ní kékeré. Ẹni tó ń gbébẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kó jáde ni, Màmá ò sì gba ẹlòmíì.

Mo ní, "Ṣùgbọ́n kò tíì wọ yunifásítì o, Màmá."

Wọ́n wò mí tìyanu-tìyanu. "Ta lẹ rí tó gbénú yàrá yẹn rí tí kò lọ yunifásítì?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ̀rín ni mo bú sí. Àwọn ọmọ kíláàsì tó kù ti ń bi mí bóyá yàrá míì ṣì wà nílé Màmá.