Oyin Inú Kẹ́tù Àlùwàlá

Mo ń rán bùbá oníbàárà kan ní ṣọ́ọ̀bù mi l'Ajégúnlẹ̀ ni mo wúkọ́, tí ẹ̀jẹ̀ kán sórí léèsì funfun. Ó ti tó oṣù kan tí mo ti ń wúkọ́, eruku tírélà Liverpool Road ni mo sì ń di ẹ̀bi rẹ̀ rù.

Ní ọsibítù, mo jókòó lórí bẹ́ǹṣì títí ìdí fi ń ro mí. Wọ́n yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ mi wò. Ikọ́ ẹ̀gbẹ ni: kòkòrò tí ojú ò lè rí ló ń jẹ ẹ̀dọ̀fóró tí a fi ń mí. Nọ́ọ̀sì ní, "Oṣù mẹ́fà lẹ ó fi lo oògùn yìí. Tára bá yá, ẹ má dá a dúró o."

Oògùn náà sọ ìtọ̀ mi di pupa, ó tún sọ mí di ẹni tí kò sùn, tí kò sì jí. Ẹ̀bá fèrèsé ni mo ń dùbúlẹ̀ sí. Ibẹ̀ ni mo ti rí oyin kan ṣoṣo, tí kò ní afárá, tí kò ní ẹgbẹ́. Mi ò tíì pàdé ẹni tó mọ orúkọ rẹ̀. Yóò gé ewé ròósì Màmá Blẹ́sìn, ará ilé wa, róbótó, yóò gbá a mọ́yà, yóò sì wọ ẹnu kẹ́tù àlùwàlá mi tó ti gbẹ lójú fèrèsé. Èmi télọ̀ ń wò ó, bí ẹni ń lálàá.

Ìyá ọkọ mi dé láti Ìsẹ́yìn. Wọ́n fẹ́ ṣe àlùwàlá, omi ò jáde. Wọ́n fi igi tọ ẹnu kẹ́tù, ewé kíká bọ́ sílẹ̀.

"Yéè! Wọ́n ti fi ewé dì ọ́!" Wọ́n wo ròósì, wọ́n wo Màmá Blẹ́sìn tó dúró tì í.

"Mama, no be me o!"

Ìyá kọjú sí mi: "Kó oògùn òyìnbó yẹn dànù. Lọ́la, à ń lọ sílé."

Ikọ́ ò jẹ́ kí n ṣàlàyé. Tí mo bá fi oògùn sílẹ̀, ikú ni. Mo di ọwọ́ wọn mú. "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó tì mí díẹ̀."

Wọ́n jókòó tìbínú-tìbínú, kẹ́tù wà lórí itan wọn. Nígbà tó yá, oyin dé pẹ̀lú ewé tútù. Ó bà lé ọwọ́ wọn, ó sinmi, ó wọlé rẹ̀ lọ.

"Sùbùhánọlá," ni Ìyá wí. "Télọ̀ bíi tìẹ." Wọ́n bẹ Màmá Blẹ́sìn. Láti ọjọ́ náà, ọwọ́ wọn ni mo ti ń gba oògùn, ike ni wọ́n sì fi ń ṣe àlùwàlá.

Lóṣù kẹfà, wọn ò rí kòkòrò kankan mọ́ nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ mi. Tí mo bá gun àtẹ̀gùn, mo ṣì ń mí hẹlẹ. N ò bá ara mi jà. Ó ti gbìyànjú. Àwọn ọmọ tí oyin fi ewé wé ti lu ewé náà jáde, wọ́n ti fò lọ. Mo gbé kẹ́tù náà, mo fi gbogbo àyà fẹ́ atẹ́gùn sẹ́nu rẹ̀. Ewé gbígbẹ tú jáde bí eruku, ó bò mí lójú.

Mi ò wúkọ́.