Ọjọ́ Tí A Wọ Léèsì Wọ Igbó Ewé

Bí o bá ti ọ̀nà Òde Rẹ́mọ bọ̀ láàárọ̀ kùtù, kí o tó wọ Ṣàgámù dáadáa, imú rẹ ló máa kọ́kọ́ sọ fún ọ pé o ti dé ọ̀dọ̀ wa. Obì tó sùn sínú omi mọ́jú ní òórùn tirẹ̀, ó kan díẹ̀, ó sì ń ta ni nímú bí àgbo tó ti pẹ́ nínú ìkòkò. Ṣùgbọ́n lábẹ́ òórùn yẹn, òmíràn wà tó tutù, tó sì mọ́, ti ewé tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gé nínú irà. Àlejò á yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Èmi á fa gbogbo rẹ̀ símú. Òórùn yẹn ló rán mi nílé ẹ̀kọ́ dé ibi tí mo kàwé dé, òun náà ni mo sì fi ń tọ́ àwọn ọmọ tèmi. Ẹni tó bá ní ó ń rùn, kó gbé imú rẹ̀ lọ síbòmíràn.

O mọ̀ pé obì gbànja kì í ṣe ohun tí èèyàn ń dà sínú àpò kó sì gbàgbé ẹ̀. Lẹ́yìn tí a bá ti rẹ ẹ́ sómi, tí a ti bó awọ funfun tó wà lára rẹ̀, tí a fọ̀ ọ́, tí omi sì ti ro kúrò lára rẹ̀, inú agbọ̀n la máa ń tò ó sí: ewé nísàlẹ̀, ewé lẹ́gbẹ̀ẹ́, ewé lókè. Bí ewé bá gbẹ, a ó pààrọ̀ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni obì á ṣe máa dán títí tó fi máa dé Òkè Ọya, kò ní hunjọ, kòkòrò ò sì ní lu ú. Àwọn kan ti gba náílọ́nù mú báyìí, wọ́n ń bu ẹ̀tù apakòkòrò lé e lórí. Obì tí èèyàn máa jẹ ní tútù, tí kò ní rí iná rárá! Ẹgbẹ́ tiwa, àwọn obìnrin olóbì tí ìyá tó bí mi wà nínú wọn títí ó fi kú, kò gbà fún ìyẹn. Ewé la mọ̀, inú irà kan lẹ́yìn àdúgbò Ijoku la sì ti ń rí i, lábẹ́ àwọn igi ńlá tó ṣíji bò ó. A ní òfin tí a fi ń gé e. A kì í gé ìdí ewé kan tán. Ewé àárín tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń là, a kì í fọwọ́ kàn án. Igi tó ń ṣíji, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi dáná. Ẹni tó bá rú òfin yìí, Ìyá Ẹgbẹ́ wa á ní kó jókòó sílé di ọjọ́ ọjà mìíràn, kò sì sí ẹ̀bẹ̀ tó máa yí i padà.

Ṣùgbọ́n ilẹ̀ náà kì í ṣe tiwa. Ìdílé kan ló ni ín, àwọn baba ńlá wọn ló fi í lé àwọn olóbì lọ́wọ́ pé kí wọ́n máa gé ewé níbẹ̀. Lásìkò tí mò ń sọ yìí, olórí ẹbí wọn jẹ́ bàbá àgbà kan tí ọkàn rẹ̀ rọ̀, àmọ́ tí apá rẹ̀ ò ká àwọn ọmọ rẹ̀ mọ́. Ìwọ náà mọ bí Ṣàgámù ṣe dà: tírélà níhìn-ín, tírélà lọ́hùn-ún, gbogbo ẹni tó ní ilẹ̀ létí títì ló ń wá ẹni tó máa sọ ọ́ di ibùdókọ̀. Ọlọ́kọ̀ kan ti fojú sí irà wa, ó fẹ́ da yẹ̀pẹ̀ sí i kí àwọn tírélà rẹ̀ lè máa sùn síbẹ̀. Àwọn ọmọ Bàbá fẹ́ tà á. Bàbá ò fẹ́, ṣùgbọ́n kò rí ẹnu sọ ọ́. Ó wá pè wá, ó ní àwọn ọmọ òun ń sọ pé igbó lásán ni, pé kí a wá nǹkan kan tí òun lè nà sí wọn, tí wọ́n á fi mọ̀ pé kì í ṣe igbó lásán. Bí a ò bá rí i, ká má bínú sí òun.

Àbúrò mi tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìkẹ́nnẹ́ ló gbọ́ lórí rédíò pé àwọn kan ń fún àwọn ará ìlú tó ń dáàbò bo ilẹ̀ àti igbó wọn ní àmì ẹ̀yẹ, pàápàá àwọn tó ń fi ọgbọ́n tí wọ́n bá lọ́wọ́ àwọn ìyá wọn ṣe é. Mo ní ohun tí à ń wá nìyí. Mo jókòó ti Ìyá Ẹgbẹ́, ó ń fi Rẹ́mọ ìjìnlẹ̀ ṣàlàyé, mò ń gbà á sílẹ̀ lórí fóònù. Mo wá túmọ̀ rẹ̀ sí èdè òyìnbó, mo sì fi ránṣẹ́. Ó pẹ́ díẹ̀, wọ́n pè mí pé a ti wà lára àwọn díẹ̀ tó kù, pé wọ́n ń bọ̀ wá fojú ara wọn rí wa, wọ́n á sì ya fídíò. Èmi ń fò sókè bí ọmọdé. Ìyá Ẹgbẹ́ ò fò. Ó kàn béèrè bóyá ohun tí wọ́n ń fún èèyàn ṣeé gbé kọ́ ara ògiri pálọ̀ Bàbá. Mo ní ó ṣeé gbé kọ́. Ó ní kí a máa múra nígbà náà.

Ìmúra yẹn, ẹnu ò lè ròyìn rẹ̀ tán. A la ọ̀nà igbó ewé, a gbá a. A fọ gbogbo agbọ̀n, a sá wọn sóòrùn. A fi ẹfun kun ẹsẹ̀ àtíbàbà tí a ti máa ń bó obì. Nígbà tó sì di ọjọ́ náà, kálukú gbé èyí tó dára jù nínú àpótí rẹ̀ wọ̀. Ìyá Ẹgbẹ́ wọ léèsì aláwọ̀ ọsàn kan tí ọmọ rẹ̀ rà fún un, ó fi iyùn sọ́rùn. Ìyá Ìbejì, ìkejì rẹ̀ nínú ẹgbẹ́, so gèlè kan tó fẹjú débi pé ó ní láti tẹ orí ba kó tó kọjá lábẹ́ ẹ̀ka igi. A bọ́ bàtà wa dání kọjá ibi tí ẹrẹ̀ wà, a tún wọ̀ ọ́ lódìkejì. Ta ni kò ní múra fún ẹni tó ń bọ̀ wá yẹ́ ẹ sí? Bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn. Ẹ̀gbin ni kí àlejò bá ọ nínú aṣọ iṣẹ́ lọ́jọ́ tó ti sọ fún ọ pé òun ń bọ̀.

Jíìpù wọn dé. Mẹ́ta ni wọ́n: ọ̀gá wọn tó jẹ́ ọkùnrin tí kò tíì tó ogójì ọdún, ọmọbìnrin tó gbé kámẹ́rà, àti awakọ̀. Ọ̀gá náà bọ́ sílẹ̀, ó wò wá, ó wo ẹ̀yìn wa, ó tún wò wá. Ó fi èdè òyìnbó bi mí pé níbo ni àwọn obìnrin tó ń ṣe iṣẹ́ náà wà. Mo ní àwa rèé. Ó rẹ́rìn-ín, ó rò pé mò ń ṣeré. Nígbà tó rí i pé mi ò rẹ́rìn-ín, ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni o, kò sọ̀rọ̀ burúkú kankan. Ó ní gbogbo rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n àwọn tó máa wo fídíò náà lókè òkun, ọkàn wọn ò ní yọ́ bí wọ́n bá rí wa báyìí. Ó ní ṣé a lè rí ìró àtijọ́, èyí tó ti ya díẹ̀. Kí a bọ́ bàtà, kí a bọ́ iyùn, kí Ìyá Ẹgbẹ́ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Kí n má sì jẹ́ kí fóònù mi hàn.

Ara mi gbóná. Ká ní ọ̀rọ̀ èmi nìkan ni, ǹ bá sọ fún un níbẹ̀ pé kó máa lọ. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ náà kì í ṣe tèmi nìkan, ẹnu mi nìkan kọ́ ló yẹ kó dáhùn. Mo padà sọ́dọ̀ wọn, mo sì tú u fún wọn bó ṣe sọ ọ́ gan-an, mi ò fi iyọ̀ sí i, mi ò yọ iyọ̀ kúrò.

 Ìyá Ìbejì ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní kí ló wà nínú àkísà ná? Àwòrán ni, a ó wọ̀ ọ́, wọ́n á yà á, a ó bọ́ ọ. Ó ní bí a bá sọ ewé yìí nù, kí la fẹ́ fi léèsì ṣe, ṣé léèsì la máa fi di obì? Mi ò lè sọ pé irọ́ ló ń pa. Àwọn mìíràn ti ń mi orí. Ẹ̀rù ń ba gbogbo wa, nítorí a mọ̀ pé bí àwọn wọ̀nyí bá lọ lọ́wọ́ òfo, Bàbá ò ní nǹkan kan láti nà sí àwọn ọmọ rẹ̀.

Ìyá Ẹgbẹ́ jẹ́ kí ó sọ tán. Rẹ́mọ tó sọ jinlẹ̀, ṣùgbọ́n màá sọ ọ́ bí gbogbo èèyàn ṣe máa gbọ́ ọ. Ó ní: "Iṣẹ́ tí a ṣe ni wọ́n tìtorí rẹ̀ wá. Wọn ò tìtorí òṣì wá. Bí onígbá bá pe igbá rẹ̀ ní pánkará, ayé á bá a fi kólẹ̀. Ẹ sọ fún un pé bí ó bá fẹ́ rí iṣẹ́, kó máa bọ̀."

Kò dúró de ìdáhùn. Ó ká ìró léèsì yẹn dé orúnkún, ó fún un mọ́ ìdí, ó mú ọ̀bẹ, ó sì rìn wọ inú irà. Iyùn rẹ̀ ń mì lọ́rùn. Ó gé ewé kan, ó fi ọwọ́ nu ìdí rẹ̀, ó nà án sí mi. Ìyá Ìbejì wò ó, ó pòṣé, ó sì tẹ̀ lé e, tòun ti gèlè rẹ̀. Ká tó wí ká tó fọ̀, gbogbo wa ti wà nínú ẹrẹ̀, à ń gé ewé. Ọmọbìnrin tó gbé kámẹ́rà yà díẹ̀ nínú rẹ̀, mo sì rí i pé ó dùn mọ́ ọn. Ọ̀gá rẹ̀ ní kó jẹ́ káwọn máa lọ.

Wọn ò fún wa. Ọ̀rọ̀ tó wọlé sórí fóònù mi kúrú, ó kún fún ọ̀wọ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wa púpọ̀. Mo sunkún, mi ò ní purọ́. Ìyá Ìbejì kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, n kò sì bínú sí i. Àwọn ọmọ Bàbá gbọ́, wọ́n ní ṣé àwọn ò sọ, kódà àwọn tó ń wá igbó kiri kò fẹ́ igbó yìí. Wọ́n ránṣẹ́ sí ọlọ́kọ̀ náà pé kó máa bọ̀, wọn ò bi Bàbá.

Kò pẹ́ sí i, ọlọ́kadà kan tó fẹ́ràn wa sáré wá láàárọ̀ ọjọ́ kan pé òun ti rí tipà tó kún fún yẹ̀pẹ̀ lójú títì, tó ń béèrè ọ̀nà igbó ewé. Obì wà lọ́wọ́ wa, omi obì wà lára wa. Èmi ti dìde láti sáré. Ìyá Ẹgbẹ́ ní kí n dúró. Ó ní: "Ẹ lọ wọṣọ." Mo rò pé àgbà ti ń ṣe é ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe èyí tí à ń jiyàn sí. A sáré lọ sílé, a sì múra.

Nígbà tí tipà yẹn fi máa rọra já sí ọ̀nà náà, a ti gbé àga dí i. A jókòó síbẹ̀ bí ìyá ìyàwó, ọwọ́ lé itan. Awakọ̀ náà fọn fèrè, ó tún fọn ọ́n, nígbà tó wá wò wá dáadáa, ó pa ọkọ̀, ó sọ̀kalẹ̀, ó ṣí fìlà.

Ó ní: "Ẹ má bínú, ẹ̀yin ìyá mi. Wọ́n ní n wá da yẹ̀pẹ̀ síbí, wọ́n ní kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀."

Ìyá Ẹgbẹ́ bi í pé: "Ṣé o rí wa?"

"Mo rí yín, mà."

"Lọ sọ fún ẹni tó rán ọ pé èèyàn wà níbẹ̀."

Ó pe ọlọ́kọ̀ náà lórí fóònù, ọlọ́kọ̀ sì wá fúnra rẹ̀. Ó wò wá láti orí dé ẹsẹ̀. Ó ní wọ́n sọ fún òun pé àwọn aláìní kan ló máa ń já ewé níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, pé tí òun bá ti fún wọn ní nǹkan díẹ̀, wọ́n á lọ. Ó ní òun wá ra ilẹ̀ ni, òun ò wá ra ìjà àwọn ìyá onílé. Ó yí ọkọ̀ padà. Nígbà tí Bàbá máa fi ọ̀pá rẹ̀ dé ibẹ̀, ẹnu tí ó ti ń wá ti là. Ojú àwọn ọmọ rẹ̀ ló ti sọ pé òun tó bí wọn ṣì wà láàyè, ilẹ̀ náà kò sì ní kúrò lọ́wọ́ olóbì. Ìyá Ìbejì fi ìdí gèlè rẹ̀ nu ojú, ó ní ẹrẹ̀ ló ta sí òun lójú.

Ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo ti ro ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn kan ní oríire lásán ni, pé ọlọ́kọ̀ yẹn ṣì jẹ́ ọmọlúàbí, òmíràn ì bá da yẹ̀pẹ̀ lé wa lórí. Mi ò bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n ìwọ náà wò ó: ká ní a wọ àkísà yẹn, fídíò náà ì bá lọ káàkiri, àwọn ọmọ Bàbá ì bá rí i, ọlọ́kọ̀ náà ì bá rí i. Wọ́n ì bá tọ́ka sí i pé ṣé ẹ rí wọn, àwọn tí kò ní ẹnikẹ́ni, nínú igbó tí kò sẹ́ni tó ni ín. Àwa fúnra wa la bá ti jẹ́rìí fún ẹni tó fẹ́ ta ilẹ̀ mọ́ wa lẹ́sẹ̀. Bí a bá ṣe rìn ni wọ́n ń koni, àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́. Èmi ò kórìíra àmì ẹ̀yẹ o. Ó dáa, ó ti ran àwọn ẹlòmíràn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n èyí tó bá ní kí n kọ́kọ́ di ẹni ẹ̀tẹ́ kí ọwọ́ mi tó kàn án, kó máa lọ.

Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, ọmọbìnrin kan láti ibòmíràn tún pè mí. Ó ti gbọ́ nípa ewé wa, ó ní ẹ̀bùn ńlá kan wà tí a lè gbà, pé ìgbà wo ni àwọn lè wá wò wá. Mo ní kò burú, kí wọ́n máa bọ̀ nígbà tó bá wù wọ́n, ṣùgbọ́n kí wọ́n mọ̀ pé a máa wẹ̀, a máa múra, orí àga la ó sì jókòó sí láti kí wọn káàbọ̀. Ó ní òun á sọ fún ọ̀gá òun.

Kò tíì pè padà. Ewé wa ń hù.