Àìsàn Tí Mo Ti Rí Lára Eku

Eku funfun ni iṣẹ́ mi nígbà náà. Ní ilé ẹ̀kọ́ gíga tí mo ti ń kàwé gboyè kejì, èmi ni mò ń bọ́ wọn, èmi ni mò ń fọ àgò wọn. Bí àsìkò bá tó, èmi náà ni mo máa fún wọn ní abẹ́rẹ́ tó ń dá àìsàn sí wọn lára.

Ẹran pẹlẹbẹ kan wà lẹ́yìn àpò oúnjẹ nínú ikùn, páńkíríásì ni àwọn dókítà ń pè é. Òun ló ń ṣe omi tó ń da oúnjẹ. Bí àìsàn yìí bá dé, omi náà kò ní dúró de oúnjẹ mọ́. Ẹran tó ṣe é gan-an ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ. Ohun tí à ń wá ni ìdí tó fi máa ń rọ̀ lára àwọn kan, tó sì máa ń burú mọ́ àwọn mìíràn lọ́wọ́. A máa ń fi oògùn kun àwọn eku náà lóorun kí a tó la inú wọn. Àwọn tí a bá tètè là, ẹran náà wú lásán ni. Àwọn tí a bá jẹ́ kó pẹ́ lára wọn, ó ti dúdú, àmì funfun á sì wà lára ọ̀rá tó yí i ká, bí àbẹ́là tó yọ́ kán sílẹ̀. Omi á ti dé inú ẹ̀dọ̀fóró wọn.

Ìlú Ìkọ̀yà, lẹ́bàá Òkìtìpupa, ni màámi ti ń ṣe epo pupa. Ọjọ́ tí mo ròyìn iṣẹ́ mi fún un, ó rẹ́rìn-ín títí.

“Eku tí àwa ń sun jẹ ni ẹ̀yin ń fún lábẹ́rẹ́?”

Nígbà tó rẹ́rìn-ín tán, ó bi mí bóyá ó máa ń dùn wọ́n. Mo ní a máa ń fún wọn lóògùn ìrora.

“Ẹ ṣáà má jẹ́ kó dùn wọ́n jù,” ó ní.

Ọ̀sẹ̀ ìkórè ìjọ wa ni inú bẹ̀rẹ̀ sí í run ún. Ìjọ aláṣọ funfun ni a ń lọ, màámi sì wà lára àwọn tó ń se oúnjẹ. Ó rò pé ọgbẹ́ inú rẹ̀ ló tún dìde, ó fi omi àdúrà gbé oògùn mì, ó ń bá iṣẹ́ lọ. Wòlíì wa ló rí i níbi tó ti ká kò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò ọbẹ̀. Ó gbàdúrà fún un, ó sì ní, “Ìyá, ó yá, ọsibítù.” Mọ́tò ara rẹ̀ ló fi gbé e lọ sí Òkìtìpupa, tòun ti sùtánà lọ́rùn.

Nígbà tí mo dé ibẹ̀, màámi jókòó, ó tẹ̀ síwájú, ó fi apá méjèèjì gbá ikùn mọ́ra. Bí àwọn eku mi ṣe máa ń ká jọ sí igun àgò nìyẹn. Mo ti mọ̀ ọ́n kí dókítà tó lanu. Ó ní òkúta inú òróòro ló dínà, ó sì ti kó bá páńkíríásì.

Wọ́n fa omi sí i lára, ìrora náà sì rọlẹ̀. Ó tilẹ̀ ní kí n wá púpurú àti ọbẹ̀ màrúgbó fún òun. Mo ní dókítà kò tíì gbà. Ó wò mí.

“Àwọn eku yín yẹn, ṣé wọ́n máa ń sàn?”

“Ọ̀pọ̀ wọn máa ń sàn, màámi.”

“Àwọn tí kì í sàn ńkọ́?”

Mo ń tún aṣọ ìbora rẹ̀ ṣe.

Láti ìgbà náà, ohun gbogbo tí mo ti rí rí lára àwọn eku ni mo tún ń rí lára rẹ̀. Èémí rẹ̀ ń já. Ìtọ̀ rẹ̀ ń dínkù, ara rẹ̀ gbóná janjan. Bí nọ́ọ̀sì bá ti ń wọlé, mo ti mọ ohun tó máa sọ. Wọ́n gbé wa lọ sí ọsibítù tó tóbi ju ìyẹn lọ, wọ́n fi ẹ̀rọ ràn án lọ́wọ́ láti mí, wọ́n sì ṣe ìwọ̀n tí wọ́n lè ṣe. Ọ̀sán gangan ló kú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni mo dì mú, nítorí pé rọ́bà tí wọ́n fi ń fa omi sí i lára ti gba gbogbo ọwọ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn ìsìnkú, bàbá mi pè mí sí ẹ̀yìnkùlé. Àgbẹ̀ ni, kò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ púpọ̀.

“Ìwọ lo ń kọ́ nípa rẹ̀. Kí ló pa á?”

Mo ṣàlàyé omi tó ń da oúnjẹ fún un, àti bí ó ṣe ń yí padà jẹ ẹran tó ṣe é. Ó gbọ́ ọ títí dé òpin.

“Ṣé ara rẹ̀ ló wá jẹ ẹ́ ni?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, bàámi.”

Ó fọwọ́ nu ojú. “Má sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn àbúrò rẹ.”

N kò sọ ọ́. Títí di òní, inú rírun ni wọ́n mọ̀ pé ó pa ìyá wa.