Mítà Ara Ògiri Mi

Ọkùnrin náà ò tilẹ̀ gbé àkàbà wá, àmọ́ bí mo ṣe rí aṣọ iṣẹ́ iléeṣẹ́ iná lọ́rùn rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé mi ní Pearland nílùú òyìnbó níbí, mo ti gbà pé ó wá já iná mi ni. Mo tún ìró mi so kó le, mo lọ fẹ̀yìn ti mítà. Bí a ṣe ń ṣe é ní Mushin nìyẹn: ẹni tó bá fẹ́ já iná á kọ́kọ́ gbé onílé kúrò.

Ó ní òun ò já nǹkan kan. Mítà tuntun lòun fẹ́ fi síbẹ̀, èyí tí á máa fi iye iná tí mo ń lò ránṣẹ́ sí iléeṣẹ́ wọn fúnra rẹ̀.

Ọmọ mi tó jẹ́ ẹnjiníà jáde, ojú ń tì í. "Mummy, ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ ẹ̀."

Mo ní kí ló dé tí nǹkan ara ògiri mi á fi máa ròyìn ìgbà tí mo lọ aṣọ àti ìgbà tí mo se ẹ̀wà. Mi ò fẹ́.

Mo ti múra ìjà. Ọkùnrin yìí kàn ní kò burú, òfin gbà mí láyè láti kọ̀ ọ́, ó sì fún mi ní fọ́ọ̀mù. Ní gbogbo ọdún tí mo fi gbé Mushin, kò sí òṣìṣẹ́ iná tó bi mí ní ohun tí mo fẹ́ rí. Orí mítà yẹn gan-an ni mo ti buwọ́ lu fọ́ọ̀mù náà.

Ní báyìí, oṣooṣù lẹnìkan ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá ka mítà mi. Ó máa ń kọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn.