Irú Rẹ̀ Ni

Ọkọ mi ń wa ọkọ̀ ńlá láti ibi ìkẹ́rùsí kan ní Forest Park, nílùú òyìnbó níbí. Kó tó lè máa wà á, dókítà gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, kó sì fún un ní ìwé. Lọ́dún tó kọjá, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ga. Ìwé oṣù mẹ́ta péré ni wọ́n fún un. Bí ẹ̀jẹ̀ náà kò bá wálẹ̀ kí oṣù mẹ́ta tó pé, kó fi kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ sílẹ̀. Wọ́n ní kó dín iyọ̀ kù, kó sì gbàgbé ẹran ná.

"Ṣé ewúrẹ́ ni mí, tí màá máa jẹ ewé?" Ohun tó ń sọ nìyẹn títí a fi délé wa ní Snellville. Ó tún ní oúnjẹ àjèjì kankan kò ní gba ọ̀fun òun kọjá.

Èmi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n èyí tí mo bá sọ, mo máa ń fẹ́ kó jẹ́ òótọ́ délẹ̀délẹ̀.

Obìnrin ará Íńdíà kan ló ń gbé ilé kejì sí tiwa. Wọn kì í jẹ ẹran rárá níbẹ̀. Ọkọ rẹ̀ dàgbà ju tèmi lọ dáadáa, síbẹ̀ ara rẹ̀ le, orí àkàsọ̀ ni mo sábà máa ń rí bàbá náà. Mo lọ kanlẹ̀kùn pé kó wá kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń se oúnjẹ wọn. Kí n má baà lọ lọ́wọ́ òfo, mo mú agolo kọ́rì mi dání, èyí tí a máa ń bù sọ́bẹ̀ pẹ̀lú táìmù. Mo rò pé inú rẹ̀ á dùn láti rí nǹkan ilé rẹ̀.

Ó ṣí i, ó gbóòórùn rẹ̀. "Sístà, kí lèyí?"

"Kọ́rì ni."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. Lẹ́yìn náà ló mú ike kékeré kan jáde, ó sì tọrọ àforíjì kó tó ṣí i. "Ó ń rùn o. Híìngì là ń pè é. Oje gbòǹgbò kan ni, tí wọ́n sá gbẹ, tí wọ́n lọ̀." Ó sáré ṣí fèrèsé. Èmi ni mo dìde tí mo tì í padà. Kì í ṣe irú tí a fi ń sebẹ̀ nílé, ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá ní ọmọ bàbá kan náà ni wọ́n, mi ò ní jiyàn.

Ó fún mi ní ike náà, ó sì kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń lò ó. Lọ́sẹ̀ yẹn, mo se ẹ̀wà wẹ́wẹ́ aláwọ̀ ìyeyè tí wọ́n ń pè ní dáàlì, ó jinná títí ó fi fọ́. Mo gbé òróró díẹ̀ kaná, mo da èso olóòórùn tí wọ́n ń pè ní kúmínì àti aáyù sí i, mo fi ẹnu ọ̀bẹ bu híìngì sí i, mo sì dà á lé ẹ̀wà náà lórí. Ó dún ṣàà! Òórùn rẹ̀ ti pàdé ọkọ mi ní gáréèjì.

"Ìyàwó! Ṣé irú ni mò ń gbóòórùn yìí?"

"Irú rẹ̀ ni."

Nínú irú méjèèjì, èyí tó wù ú ló mú. "Mo mọ̀! Ẹ̀gbọ́n mi ló fi ránṣẹ́ láti ilé."

"Dádì, ẹ jẹun, kó má tutù."

Ó fi ẹ̀bà kékeré jẹ ẹ́, ó lá àwo. Ó ní gbẹ̀gìrì tó dáa kò nílò ẹran. Èmi kọ́ ni mo pè é ní gbẹ̀gìrì.

Láti ọjọ́ náà, gbogbo ohun tí mo bá gbé síwájú rẹ̀ ló ń sọ lórúkọ, bí ẹni tí wọ́n pè sí ìkómọ. Ẹ̀fọ́ àwọn ará Íńdíà di ẹ̀fọ́ rírò. Ilá tí mo dín nínú òróró títí kò fi yọ̀ mọ́, ó ní ilá ìyá àgbà òun gan-an nìyẹn, ìyá tí mo mọ̀ dájú pé ilá yíyọ̀ nìkan ló ń sè. Mo ń bu oúnjẹ ní tèmi.

Ẹ̀rù ń bà mí ṣá. Láràárọ̀ ni mo ń so ẹ̀rọ mọ́ ọn lápá, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kò sí ìyàtọ̀. Bó bá já ọgbọ́n mi, á padà sídìí ẹran, ọkọ̀ á sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ẹ̀jẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀.

Nígbà tí ọjọ́ pé, inú mọ́tò ni mo ti dúró dè é níwájú ọ́fíìsì dókítà. Ó jáde, ó gbé ìwé sókè: ọdún kan gbáko!

"Mo sọ fún ọ! Oúnjẹ ilé wa ni oògùn. Ká ní oúnjẹ àjèjì ni mo jẹ ńkọ́?"

Mo ṣíná mọ́tò.

Nírọ̀lẹ́, aládùúgbò wa gbé ìkòkò dáàlì wá láti bá a yọ̀. Ọkọ mi ṣí i, ó fa òórùn símú, ó yíjú sí mi. "Ìyàwó, o ti kọ́ obìnrin yìí ní gbẹ̀gìrì!"

Obìnrin náà bi mí pé kí ló wí. Mo túmọ̀ rẹ̀ gẹ́lẹ́.

"Kọ́ mi kẹ̀? Sà, èmi ni mo kọ́ ìyàwó yín! Gbogbo híìngì tí ẹ ti ń jẹ, ọ̀dọ̀ mi ló ti wá."

Ó wá kù sọ́wọ́ èmi nìkan. Mo lọ mú ike náà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, mo gbé e ka orí tábìlì. Ọkọ mi gbé e súnmọ́ imú, ó gbóòórùn rẹ̀.

"Irú tí o ní o fi ń sè é ńkọ́?"

"Mi ò sọ pé irú ni, Dádì. Irú rẹ̀ ni mo wí."

Ó wo ìwé tó ti lẹ̀ mọ́ fíríìjì, ó wo ìkòkò, ó wò mí. Ó fa àga. "Alárékérekè. Bù ú fún mi."

Lọ́jọ́ Ìsinmi, èmi àti ẹ̀ gbé ìkòkò dáàlì kan lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì fún oúnjẹ lẹ́yìn ìsìn. Àgbàlagbà kan tọ́ ọ wò, ó tún bu òmíràn. "Brọ́dà, ṣé irú ni ìyàwó yín fi se èyí?"

Ọkọ mi kò wojú mi rárá.

"Irú rẹ̀ ni, sà."