Bàbá Tó Ń Ṣí Fìlà ní Ìdí Ilé Kòkó

Títí di òní, bí mo bá gba Dùgbẹ̀ kọjá, fìlà bàbá ọkọ mi ni mo máa ń rántí. Àgbẹ̀ kòkó ni wọ́n, lápá Mọníyà. Bí wọ́n bá ti bá mi wọ ìgboro, wọ́n á dúró nísàlẹ̀ Ilé Kòkó, wọ́n á ṣí fìlà kó má baà jábọ́, wọ́n á wá gbójú sókè títí dé òrùlé.

Kọ̀ńdọ́ kan fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́jọ́ kan. Ó ní, "Bàbá, wọn ò ní gbé e lọ o."

"Kòkó wa ni wọ́n fi kọ́ ọ, ọmọ mi. Mò ń wò ó bóyá ó pé."

Wọ́n fẹ́ gun òkè ilé náà lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n wò ó bóyá oko wọn á hàn. Bí mo bá ní ká lọ, wọ́n á ní, "Ìyàwó, jẹ́ kí n sá kòkó ọdún yìí tán ná." Ọdọọdún ni kòkó ń so.

Ìgbà tó yá, iná jó ilé náà. A lọ wò ó. Èéfín ti sọ ojú fèrèsé di dúdú. Bàbá ò ṣí fìlà. Wọ́n ní ká máa lọ sílé, wọn ò sì wá sí Dùgbẹ̀ mọ́ títí wọ́n fi kú.

Nígbà tí wọ́n tún ilé náà ṣe tán, mo gun òkè lọ nítorí bàbá. Mo kọjú sí apá Mọníyà. Ọyẹ́ bo gbogbo rẹ̀, òrùlé páànù nìkan ni mo rí. Mo dúró díẹ̀ sí i, bóyá ojú ọjọ́ á là. Kò là.