Ọjọ́ tí Garrett Vopat Gba Ojú Fèrèsé Sá

Bí irọ́ kan ṣoṣo bá wà nínú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, kí eyín mẹ́rin tó kù lẹ́nu mi já bọ́ kí àgbàdo ọdún yìí tó gbó. Àgbàdo sísè oníbọ́tà ni oúnjẹ tí mo fẹ́ràn jù láyé, nítorí náà ẹ mọ̀ pé èmi Orval Teague kò búra lásán.

Àwọn Alágbẹ̀dẹ ni orúkọ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wa ní Kesterville. Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ kọ́ o. Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́nu ṣóńṣó ni, èyí tí à ń gbé mọ́ àyà sá, tí àwọn géńdé ń fi èjìká kọ lu ara wọn nítorí rẹ̀. Ọwọ́ mi ni kọ́kọ́rọ́ ilé tí àwọn ọmọ náà ń gbé wà nígbà ooru, nígbà tí wọ́n bá ń du àyè nínú ẹgbẹ́. Ọ̀pọ̀ ní í wá, díẹ̀ ní í kù. Tí ọjọ́ ìyọkúrò bá pé, èmi ni kóòṣì máa ń rán. Màá kan ilẹ̀kùn, màá ní, “Kóòṣì fẹ́ rí ẹ. Mú ìwé eré ẹ dání.” Inú ìwé yẹn ni a ya gbogbo ọgbọ́n ẹgbẹ́ sí. Ẹni tí a bá ní kó mú un dání, kó máa palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́ ló kù.

Kò sí ẹni tó lè kan ilẹ̀kùn bíi tèmi ní gbogbo ìpínlẹ̀ yìí. Mo ti kan ilẹ̀kùn ọkùnrin kan tó jẹ́ pé ó gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ kó tó lè jáde, ó sunkún sí mi léjìká títí omi fi kún bàtà mi. Bàbá Kọ́kọ́kọ́ ni wọ́n ń pè mí. Tí wọ́n bá gbọ́ ìró ẹsẹ̀ mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, àwọn tó tóbi bí igi óákù á máa wá abẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọ̀.

Ọmọ ọdún méjìlélógún ni Garrett Vopat nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wa. Irma Vopat, ìyá tó bí bàbá rẹ̀, ló tọ́ ọ dàgbà láàárín màlúù oníwàrà ní ọ̀nà Sutter Creek. Táìtì-ẹ́ńdì ni, ẹni tó ń dúró ní etí ìlà: nígbà mìíràn á sá lọ síwájú lọ gba bọ́ọ̀lù, nígbà mìíràn á dúró dí ọ̀tá lọ́wọ́ kí ẹlòmíràn lè rí ọ̀nà kọjá. Tó bá di ti gbígba bọ́ọ̀lù, ọwọ́ ọmọ náà dà bí ṣọ́bìrì. Mo fi ojú ara mi rí i tó fi ọwọ́ ọ̀tún gba bọ́ọ̀lù, tó fi tòsì gba alápàáńdẹ̀dẹ̀ tó ń fò kọjá, tó tú ẹyẹ sílẹ̀, tí kò sì dẹ́kun eré sísá. Ṣùgbọ́n tó bá di ti dídí ọ̀nà, à! Ṣe ló ń ṣubú bí aṣọ tó já lórí okùn.

Àwọn táìtì-ẹ́ńdì mẹ́ta ló wà nílẹ̀, méjì ni kóòṣì fẹ́. Marcus Tolliver ni ọ̀gá wọn, àyè tirẹ̀ kò ṣeé fọwọ́ kàn. Àyè ìgbákejì ni Garrett ń bá ọmọ kejì du. Ẹgbẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ti dá a padà sílé ṣáájú. Ó sì ti sọ fún ìyá àgbà rẹ̀ pé èyí ni àṣemọ: bí Kesterville bá lé òun, òun á ju bàtà bọ́ọ̀lù sínú iná, òun á jókòó ti màlúù títí ayé.

Ojoojúmọ́ ni Tolliver ń gbé e ṣánlẹ̀. Rontay Pugh, tí òun àti rẹ̀ jọ ń sùn ní yàrá kan, tó jẹ́ pé eré sísá nìkan ni iṣẹ́ tirẹ̀, tó sì sọ ọmọ náà ní Wàrà nítorí màlúù ilé wọn, á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá á máa pariwo.

“Wàrà ti dànù o! Ẹ bá wa wá àkísà!”

“Pugh, tí mo bá dìde, ìwọ ni màá kọ́kọ́ dì mú.”

“Dìde ná, ọ̀gá mi. Dìde ná.”

Lọ́jọ́ kan mo pe ọmọ náà sí ẹ̀yìn ilé ìfọṣọ.

“Ọmọ Irma, tí màlúù bá kọ̀ tí kò wọlé, báwo lo ṣe ń ṣe é?”

“Màá tì í ni, Bàbá.”

“Ọwọ́ lo fi ń tì í?”

Ó rẹ́rìn-ín. “Ta ló ń fi ọwọ́ ti màlúù? Màá tẹ̀ ba, màá ki èjìká bọ abẹ́ rẹ̀, màá wá máa ṣún ẹsẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi máa yà.”

“Ṣé Tolliver wá wúwo ju màlúù lọ ni?”

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wo èjìká ara rẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé òun ní in. Kóòṣì Lindqvist náà kọ́ ọ o, n kò ní fi dù ú. Ó fi gbogbo ìgbà ooru kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí mo sọ lẹ́yìn ilé ìfọṣọ yẹn ló wọ̀ ọ́ lára. Kò pẹ́ tí Tolliver kọ lu èjìká ọmọ náà lọ́sàn-án ọjọ́ kan, tó fò sókè, tó balẹ̀ sínú agbada yìnyín tí wọ́n fi ń tọ́jú omi, tó jókòó síbẹ̀ tó ń bèèrè pé, “Ta ló pa iná?” Ọ̀sán gangan ni o.

Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe dé eré ìdánwò tó kẹ́yìn. Ọmọ kejì gba bọ́ọ̀lù bíi mélòó kan, àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Ti Garrett kò rí bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó ju bọ́ọ̀lù sí i rárá. Ó ń dínà ṣáá. Nígbà tí eré ń parí lọ, ó ki èjìká bọ abẹ́ ọkùnrin kan tó tóbi tó fíríìjì méjì, ó sì ń tì í lọ, ó ń tì í lọ, títí ó fi gbé e dé ẹ̀gbẹ́ ẹni tó ń ta sọ́séèjì. Ọ̀nà là gbàgà lẹ́yìn wọn. Ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù rin ibẹ̀ kọjá bí ẹni ń lọ sí ilé àna rẹ̀, a sì borí. Gbogbo ìlú ń pariwo orúkọ ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù. Kò sẹ́ni tó dárúkọ Garrett.

Mo bá a níbi tó ti ń tú okùn bàtà rẹ̀.

“Ó ti tán, Bàbá. Ọwọ́ mi ò kan bọ́ọ̀lù lónìí.”

“Kóòṣì ní ojú.”

“Bọ́ọ̀lù lojú gbogbo èèyàn ń tẹ̀ lé.”

Ìyẹn ló gbé sùn mọ́jú ọjọ́ ìyọkúrò.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo kan ilẹ̀kùn títí ìka mi fi wú. Mo kan ti ọmọ kejì náà. Ó fún mi ní ìwé rẹ̀, ó dì mọ́ mi, ó lọ. Mo rò pé mo ti ṣe tán ni Kóòṣì Lindqvist tún ké sí mi.

“Bàbá Orval, ẹ bá mi pe Vopat.”

“Ṣé kó mú ìwé dání, Kóòṣì?”

“Kí ni màá fi ìwé ẹ̀ ṣe? Òun ni mo mú. Àwọn eré kan wà tí mo fẹ́ kí òun àti Tolliver jọ dúró ní etí ìlà. Mo fẹ́ fi hàn án kí ìpàdé ọ̀sán tó bẹ̀rẹ̀.”

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo sáré. Ní ọjọ́ orí mi, mo sáré! Kóòṣì kò sì mọ eré lórí ìpàdé ọ̀sán: tí aago bá ti lù, á ti ilẹ̀kùn, ẹni tó bá wà níta ti kúrò nínú ẹgbẹ́ nìyẹn, ì báà jẹ́ ọmọ tó bí. Mo dé ẹnu ọ̀nà Garrett, mo kàn án. Mo gbọ́ gbìì nínú ilé. Mo ṣílẹ̀kùn. Bẹ́ẹ̀dì ti tẹ́ rèǹtè-rente, ìwé eré wà lórí aṣọ tó ká dáadáa, aṣọ ojú fèrèsé sì ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Nígbà tí mo yọ orí síta, eruku mọ́tò ló kí mi.

Pugh jáde láti ilé ìwẹ̀ tòun ti búrọ́ọ̀ṣì lẹ́nu.

“Bàbá, kí lẹ fi ṣe é? Ìró ẹsẹ̀ yín ló gbọ́ o. Ó ní òun ò ní dúró kí wọ́n lé òun lẹ́ẹ̀kẹta.”

“Wọn ò lé e! Wọ́n mú un!”

Búrọ́ọ̀ṣì bọ́ lẹ́nu Pugh. Ó pe fóònù Garrett, abẹ́ ìrọ̀rí ló ti dún.

“Ẹ pe ìyá àgbà ẹ̀.”

“Irma kì í gbọ́ fóònù tó bá wà lọ́dọ̀ màlúù.”

“Ká kúkú sọ fún Kóòṣì.”

“Ká sọ pé kí ni? Pé ẹni tó mú nítorí pé kì í sá fún èèyàn ti gba ojú fèrèsé sá?”

Pugh wọ ṣòkòtò. A kó sínú mọ́tò mi, tó ti dàgbà ju Pugh lọ. Mo wà á débi pé àwọn ẹyẹ tí a jọ gbéra bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ wá pé ká rọra. Pugh di ilẹ̀kùn mú, ó ń pe Jésù, ó ń pe ìyá rẹ̀, ó tún ń pe Jésù.

Irma Vopat ló dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé màlúù, tó gbé ọwọ́ lé ìbàdí.

“Orval Teague, tó bá jẹ́ ìbọ̀sẹ̀ ẹgbẹ́ lo wá gbà, wọ́n wà nínú omi ọṣẹ.”

“Ẹ kú iṣẹ́, Ìyá Irma. Ọmọ ni mo wá mú.”

“Ìwọ tó o lé e, o tún wá mú un?”

N kò dúró dáhùn. Garrett wà nínú lọ́hùn-ún, ó ti wọ bàtà rọ́bà, ó kọ ẹ̀yìn sí wa. Màlúù pupa kan dábùú ọ̀nà láàárín èmi àti rẹ̀, kò sì fẹ́ yà.

“Bàbá, ẹ má wulẹ̀ sọ ọ́. Mo ti mọ̀.”

“Kí lo mọ̀?”

“Ẹ kan ilẹ̀kùn.”

“Ṣé mo ní kó o mú ìwé dání?”

Ó yíjú sí wa. Màlúù ń jẹ koríko lọ.

“N kò gbọ́,” ló wí. “Mo ti wà níta.”

“Wàrà!” Pugh ké látẹ̀yìn mi. “Òpònú ni ẹ́! Wọ́n mú ẹ! Tí ilẹ̀kùn ìpàdé bá tì, a jẹ́ pé fèrèsé ló lé ẹ, kì í ṣe Kóòṣì!”

Irma fi aṣọ ìnuwọ́ na ọmọ náà lẹ́yìn. “Ìwọ ọmọ yìí! Bẹ́ẹ̀ lo ṣe sọ fún mi pé ojú ara ẹ lo fi rí i pé wọ́n lé ẹ!”

Garrett sún mọ́ màlúù. Ó tẹ̀ ba, ó ki èjìká bọ abẹ́ màlúù pupa náà, ó ṣún ẹsẹ̀ díẹ̀díẹ̀, màlúù sì yà kúrò lọ́nà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ilẹ̀kùn tí wọ́n fi epo sí. Ó gba iwájú mi kọjá lọ sínú mọ́tò. Irma ju àpò kóláṣì, búrẹ́dì dídùn tí wọ́n fi èso kún inú rẹ̀, lé e lórí ẹsẹ̀ láti ojú fèrèsé. Ó ní òun kò bímọ sáyé kí ebi máa pa á lọ sí ìpàdé.

Ọwọ́ Kóòṣì Lindqvist ti wà lára ilẹ̀kùn nígbà tí a já wọlé. Ó wo bàtà rọ́bà. Ó fa imú.

“Vopat, òórùn kí nìyí?”

“Màlúù ni, sà.”

“Mo rán èèyàn sí ẹ láàárọ̀.”

“Mo gbọ́ nígbà tó kan ilẹ̀kùn, sà. N kò dúró gbọ́ ohun tó fẹ́ sọ.”

Kóòṣì wò mí. Mo wo òkè àjà. Ó ti ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n inú ni Garrett wà nígbà tó tì í.

“Jókòó. Fi ẹsẹ̀ yẹn jìnnà sí mi.”

Wọ́n pa iná, wọ́n tan àwòrán eré ìkẹyìn sára ògiri. Nígbà tó kan ibi tí ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù ti fẹ́ kọjá, Kóòṣì dá a dúró. Ó ní, “Ẹ má wo bọ́ọ̀lù. Ẹ wo etí ìlà.” Ó sì jẹ́ kó máa lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Gbogbo yàrá rí èjìká ọmọ Irma tó wọ abẹ́ fíríìjì méjì yẹn, wọ́n rí ẹsẹ̀ kéékèèké, wọ́n rí ọkùnrin ńlá náà tó ń fà sẹ́yìn, tó ń fà sẹ́yìn, títí ó fi kúrò nínú àwòrán.

Tolliver ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. “Wàrà, ṣé o fẹ́ kó bá ẹ ra sọ́séèjì ni?”

Ni gbogbo wọn bá pàtẹ́wọ́. Ẹ̀gbẹ́ ọmọ náà ni mo jókòó sí, mo sì gbọ́ nígbà tó tú èémí jáde. Gùn ni èémí yẹn gùn. Atẹ́gùn rẹ̀ fẹ́ ìwé mẹ́ta bọ́ sílẹ̀ lórí tábìlì. Ó jọ pé láti ìgbà tí ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ ti lé e ni èémí náà ti há mọ́ ọn láyà. Ara rẹ̀ wá rọ̀ sórí àga, ó tú àpò kóláṣì, ó fún mi ní ọ̀kan, ó fún Pugh ní ọ̀kan, ó jẹ ìyókù láìbojú wẹ̀yìn.

Láti ọjọ́ yẹn, tí mo bá ń bọ̀ tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé, láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni màá ti máa ké pé, “Kò sí ìwé o! Kò sí ìwé!” kí ọwọ́ mi tó kan pákó. Kò tún sẹ́ni tó fò jáde mọ́.

Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́, Irma Vopat ṣì wà láàyè, ó ń fún wàrà ní ọ̀nà Sutter Creek, etí rẹ̀ sì ń gbọ́ràn dáadáa àfi ti fóònù. Ẹ lọ bi í. Gbogbo ohun tó bá sọ ni kẹ́ ẹ gbà. Ṣùgbọ́n tó bá ní òun lòun kọ́ ọmọ náà bí wọ́n ṣe ń ki èjìká bọ abẹ́ ẹran, ibẹ̀ nìkan ni kẹ́ ẹ ti rántí ẹ̀yìn ilé ìfọṣọ.